Ẹ Tú Àpò Ọmọ Yín Wò: Ọ̀rọ̀ fún Òbí bí Ilé-Ẹ̀kọ́ ti ń Wọlé

Mo mọ̀ pé àkókò yìí kì í ṣe èyí tí òbí ń fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ ń wọlé, owó ìwé, owó aṣọ, owó bàtà, gbogbo wọn ni ó kóra jọ sí ọ̀run ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá kan wá sí dìsìpẹ́ńsárì wa ní ọjọ́ Ajé tí ó kọjá, ó ní kí n wọn ìfúnpá òun. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n tí ó ga, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má dà á láàmú, bí àwọn ọmọ bá ti wọlé tán, yóò wálẹ̀." A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo dá ọjọ́ fún un tí yóò padà wá.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ná ènìyàn ní owó púpọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọjọ́ tí ń bọ̀ nínú ọdún ẹ̀kọ́ yìí ni: ọjọ́ oògùn aràn, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọjọ́ eré ìje, ọjọ́ àríyá, àti ohun tí ó yẹ kí ìyá àti bàbá ti ṣe kí ọjọ́ náà tó pé. Ìwé pélébé kan ni àwọn tíṣà fi ń kéde rẹ̀. Wọn yóò fi lé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ yóò sì kì í bọ inú àpò, sí àárín ìwé ìṣirò àti èèpo ẹ̀pà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ìwé bẹ́ẹ̀ ń kú sí.

Mo lè sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ sí èmi alára.

Àbíkẹ́yìn mi wà ní kíláàsì kẹta nígbà náà, ní Abẹ́òkúta níhìn-ín. Ìwé kan ti wà nínú àpò rẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì, tí ó sọ pé ní Ọjọ́rú tí ń bọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yóò wá fún àwọn ọmọ ní oògùn aràn àti oògùn àtọ̀sí ajá, àti pé kí òbí rí i dájú pé ọmọ jẹun yó kí ó tó kúrò nílé. N kò tú àpò náà. Iṣẹ́ òwúrọ̀ ni mo ní ní ọ̀sẹ̀ ọ̀hún, agogo mẹ́fà ààbọ̀ ni mo ti ń jáde, mo sì fún ọmọ lówó pé kí ó ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà bí wọ́n bá jáde fún ìsinmi. Kí wọ́n tó lu aago ìsinmi ni ó ti kan kíláàsì wọn. Ikùn òfìfo ni ọmọ mi fi gbé oògùn náà mì.

Kò pẹ́ tí òòyì fi ń kọ́ ọ, tí inú ń run ún, ó sì bì sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Obìnrin kan tí ń ta púfúpúfú ní ẹnu géètì rí i, ó sì pariwo pé wọ́n ti fún àwọn ọmọ ní májèlé. Ẹ mọ bí ó ṣe ń rí láyé fóònù. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, àwọn ìyá ti ń ti ọjà Kútọ̀ sáré bọ̀ pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́, olówó-ọjà ti fi ọjà sílẹ̀, bàbá oníkẹ̀kẹ́ ti já èrò sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Wọ́n ń fa ọmọ wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò tíì dé kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún nígbà náà, oògùn pínpín sì parí síbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n pè mí, mo dé tèmi tẹ̀wù funfun nọ́ọ̀sì. Bí mo ti ń la àárín èrò kọjá, mo gbọ́ tí ẹnì kan béèrè pé, "Ọmọ ta tilẹ̀ ni ó bì?" Ẹlòmíràn sì dá a lóhùn pé, "Ọmọ Nọ́ọ̀sì ni!" Bí ilẹ̀ bá lanu ní ọjọ́ náà, ǹ bá wọ̀ ọ́.

Mo fún ọmọ ní omi, mo fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná, ó sùn díẹ̀, nígbà tí yóò fi di agogo méjì ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ọmọ náà ń tọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún ìyá rẹ̀ nílé pé ó ń bàlágà ni, pé kí ó má ṣe ìyọnu. Nígbà tí a yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, àtọ̀sí ajá ni. Mo béèrè ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mi ni. Mo béèrè bí wọ́n ti fún un lóògùn rí. Ìyá náà wò mí lójú, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣebí ìgbà tí ọmọ yín bì ni mo mú tèmi lọ sílé." N kò rí èsì fọ̀. A fún ọmọ náà ní oògùn, ara rẹ̀ sì yá, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tú àpò ọmọ ní alẹ́ alẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé oògùn náà fún yín, kí ẹ lè mọ ohun tí a fi sí ọmọ yín lẹ́nu. Oríṣi méjì ni. Èkíní jẹ́ ti àwọn aràn inú ìfun: aràn gígùn bí ekòló, aràn wẹ́wẹ́, àti èyí tí ń gbé inú ìfun mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ títí ojú rẹ̀ yóò fi funfun tí kò ní lè fọkàn sí ẹ̀kọ́. Albendazole tàbí mebendazole ni orúkọ oògùn rẹ̀, hóró kan péré ni ọmọ yóò jẹ. Mo ní jẹ, n kò ní gbé mì, nítorí pé hóró náà tóbi, ó sì lè há ọmọ kékeré lọ́fun. Ẹ kọ́ ọmọ yín kí ó rún un dáadáa.

Oògùn kejì, praziquantel, ni ti àtọ̀sí ajá. Òun ni ó ń fẹ́ oúnjẹ. Wọn kì í fún gbogbo ọmọ ní iye kan náà. Wọn yóò gbé ọmọ dúró ti ọ̀pá kan tí a ti fa ìlà sí, bí ó bá ti ga tó ni hóró rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó. Nítorí náà bí ẹ̀gbọ́n bá jẹ mẹ́ta tí àbúrò jẹ méjì, ẹ má ṣe rò pé wọ́n ti rẹ́ ẹnì kan jẹ. Orí fífọ́, inú rírun, òòyì, èébì díẹ̀ lè tẹ̀ lé e, àgàgà fún ọmọ tí kòkòrò ti pọ̀ lára rẹ̀ tàbí tí kò jẹun, kì í sì í sábà ju ọjọ́ kan lọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ara ọmọ wú tàbí tí ó ń mí gúlegúle, ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ wa kíákíá. Bákan náà, ọmọ tí ibà bá mú ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà kí ó má gba oògùn. Ẹ sọ fún tíṣà, yóò gbà á ní ọjọ́ mìíràn.

Àwọn kan yóò wí pé, "Ọmọ tèmi kò ní aràn, a ń wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́." Ó dára. Ṣùgbọ́n àtọ̀sí ajá kò béèrè ọmọ tí ó mọ́ tónítóní. Bí ẹni tí ó ní àrùn náà bá tọ̀ sínú odò, ẹyin kòkòrò rẹ̀ yóò pa nínú omi, ọmọ rẹ̀ yóò wọ inú ìgbín wẹ́wẹ́ kan tí ń gbé odò, yóò pọ̀ sí i níbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yóò tún jáde, yóò máa wá awọ ara ènìyàn kiri nínú omi. Kò nílò egbò kí ó tó wọlé. Ọmọ tí ó bá lúwẹ̀ẹ́ nínú Odò Ògùn ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, tàbí tí ó bá ìyá àgbà lọ fọ aṣọ, ti ṣe tán. Àwọn ìletò tí ó yí ìsédò Ọ̀yán ká, tí a ṣí ní ọdún 1983, mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú, nítorí pé omi tí ó dúró sójú kan ni ìgbín náà fẹ́. Bí a kò bá tọ́jú àrùn náà, ó ń ba àpò ìtọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, ó sì lè di jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ nígbà tí ọmọ bá dàgbà. Oògùn tí a lò lọ́dún tí ó kọjá kò sì dènà ti ọdún yìí, nítorí pé ọmọ yóò tún padà sí odò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń padà wá sí ilé-ẹ̀kọ́ láti ọdún dé ọdún.

N kò sọ pé kí ẹ má bẹ̀rù rárá. Àhesọ ọ̀rọ̀ a máa ba ènìyàn nínú jẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, ní apá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wa, wọ́n ní àwọn sójà ń fi abẹ́rẹ́ kó àrùn ọ̀bọ ran àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Irọ́ gbáà ni, síbẹ̀ àwọn òbí fọ́n sí ilé-ẹ̀kọ́ bí eéṣú, àwọn ọmọ ń fò láti ojú fèrèsé. Òbí tí ó bá ti ka ìwé inú àpò, tí ó mọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ àti ohun tí wọ́n ń gbé bọ̀, kì í tètè sáré bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rù bá sì ń bà yín, ẹ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ náà, kí ẹ jókòó síbẹ̀ kí ẹ wòran. Kò sí tíṣà rere kan tí yóò lé yín.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni ó kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin tí ó ti pé ọdún 9 tí kò tíì pé 15, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Abẹ́rẹ́ kan wà tí ó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, HPV ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ yìí. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀yọ́, Ondó, Èkìtì àti Kwara bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2024. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọmọ yóò gbà á. Àwọn òṣìṣẹ́ a sì máa gbé e wá sí ilé-ẹ̀kọ́.

Ìbéèrè tí ó pọ̀ jù tí mo ń gbọ́ ni pé ṣé kò ní sọ ọmọ di àgàn. Kò ní sọ ọ́ di àgàn. Jẹjẹrẹ ọ̀hún gan-an ni ó ń gba ilé ọmọ lọ́wọ́ obìnrin, nítorí pé nígbà tí a bá rí i tán, yíyọ ni a ń yọ ilé ọmọ mìíràn dànù. Bàbá kan sì bi mí pé kí ni ọmọ ọdún mẹ́wàá fẹ́ fi oògùn àrùn tí ènìyàn ń kó lára ọkùnrin ṣe, ṣé kì í ṣe pé a ń kọ́ ọ ní ìṣekúṣe ni? Mo ní, "Bàbá, ìgbà wo ni ẹ ń ra agbòjò? Ṣé ìgbà tí òjò bá ti pa yín tán ni?" Abẹ́rẹ́ náà ní láti wà lára kí kòkòrò tó dé, bí ọmọ tilẹ̀ wọ ilé ọkọ rẹ̀ ní wúńdíá. Mo ti tọ́jú àwọn obìnrin tí kò dàgbà jù mí lọ tí àrùn yìí pa, tí wọ́n fi ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Òórùn yàrá wọn kò tíì kúrò nímú mi. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti kọjá ọjọ́ orí abẹ́rẹ́ náà, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ tiyín, kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ abẹ́rẹ́, kí ọmọ jẹun, kí ó wọ aṣọ tí apá rẹ̀ rọrùn láti ká sókè, kí ó sì jókòó fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn rẹ̀ kí ó tó sáré jáde, nítorí pé ẹ̀rù abẹ́rẹ́ nìkan tó kí òòyì kọ́ ọmọ mìíràn. Apá rẹ̀ lè máa dùn ún, ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀ lálẹ́. Ẹ má ṣe fi aboníkì pa ojú abẹ́rẹ́ náà. Káàdì tí wọ́n bá fún un, ẹ fi pamọ́ síbi tí ẹ ń fi ìwé ilẹ̀ pamọ́ sí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 ẹ̀wẹ̀, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi abẹ́rẹ́ kan dènà àrùn méjì, ìta tí òyìnbó ń pè ní measles, àti èkejì rẹ̀ tí ń jẹ́ rubella, fún àwọn ọmọ láti oṣù mẹ́sàn-án títí dé ọdún 14. Bí ọmọ yín tilẹ̀ ti gba ti ìta nígbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́, kò sí ewu bí ó bá tún gba èyí. Rubella kì í sábà ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lára. Ìyá rẹ̀ tí ó lóyún lọ́wọ́ nílé, tàbí tíṣà rẹ̀, ni ó ń bá jà, nítorí pé ó lè jẹ́ kí a bí ọmọ inú wọn ní adití tàbí afọ́jú, tàbí pẹ̀lú àbùkù ọkàn.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ni ọjọ́ ọwọ́ fífọ̀ lágbàáyé, láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn ọmọ yóò kọrin, wọn yóò ya àwòrán. Ilé-ẹ̀kọ́ yóò sì sọ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọṣẹ wá. Ẹ fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́, ẹ béèrè ibi tí omi wà, nítorí pé mo ti rí ilé-ẹ̀kọ́ tí ọṣẹ kún kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá àgbà tí ẹ̀rọ omi kò sì ṣẹ́ kan rí láti ọdún tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀.

Bí ọwọ́ kò bá mọ́, Àpólò kò ní pẹ́ dé. Ẹ mọ̀ ọ́n, àrùn ojú pípọ́n tí ń ran gbogbo kíláàsì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn àgbà kan rò pé orúkọ oògùn ni Àpólò. Ní ọdún 1969, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ Apollo 11 lọ sí òṣùpá, ni àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà tí ó sì tàn ká ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn ènìyàn ní erùpẹ̀ òṣùpá ni wọ́n kó bọ̀ wá fún wa, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Òṣùpá kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọwọ́ tí ó ra ojú tí ó tún di ọwọ́ ẹlòmíràn mú, táwẹ́ẹ̀lì tí gbogbo ilé fi ń nujú, ìrọ̀rí tí ọmọ mẹ́ta jọ ń sùn lé, àwọn ni ó ń gbé e kiri. Fúnra rẹ̀ ni ó sábà ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fi omi tí a ti sè tí ó ti tutù àti òwú mímọ́ nu ojú náà, ojú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òwú tirẹ̀, kí ọmọ sì jókòó sílé títí yóò fi mọ́.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ro ìtọ̀ sójú ọmọ. Ẹ má ṣe fún ọmú sí i, ẹ má ṣe fi omi ewé tàbí omi ṣúgà sí i. Oògùn ojú tí ẹ̀gbọ́n lò kù ní ọdún tó kọjá, ẹ jù ú nù. Ojú ọmọ kan wà ní àdúgbò wa tí ó ti funfun báyìí nítorí ìtọ̀ tí wọ́n ro sí i. Bí ọmọ bá ní òun kò ríran dáadáa, tàbí tí kò lè wo ìmọ́lẹ̀, èyí kì í ṣe Àpólò lásán, ilé ìwòsàn ló kàn.

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ lórí ọjọ́ eré ìje, nítorí pé òun ni ó máa ń já mi láyà jù nínú ọdún. Sáà kejì ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣe é, láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta. Òtútù ọyẹ́ ń mú ní òwúrọ̀, oòrùn ń jó ní ọ̀sán, àwọn ọmọ yóò sì ti fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan yan kiri nínú eruku. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá láti pápá eré, kíláàsì karùn-ún ni ó wà. Ó ń ké, ó di orúnkún méjèèjì mú, ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Tíṣà rẹ̀ ní ó ń ṣe ọ̀lẹ ni àwọn rò, wọ́n tilẹ̀ ti bá a wí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rọra sọ ọ́ sí mi létí pé fòníkú-fọ̀ladìde ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n má baà máa pe ọmọ rẹ̀ ní àbíkú.

N kò bá ìyá náà wí. Mo mọ ohun tí ó ń sá fún. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí àwọn bàbá wa fi àbẹ kọ lára tí wọ́n sì sọ ní orúkọ burúkú, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àrùn yìí ni ó ń pa wọ́n. Ní Nàìjíríà, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó ní ẹ̀jẹ̀ AS, bí méjì irú wọn bá sì fẹ́ra, ọmọ wọn lè jẹ́ SS. Ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa tẹ̀ bí dòjé nígbà tí omi bá dín lára rẹ̀, tí òtútù bá mú un, tí ibà bá dé, tàbí tí ó bá lo agbára ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ náà ni ó ń dí òpó ẹ̀jẹ̀, ìrora sì dé. Ẹ wá wo ọjọ́ eré ìje: òùngbẹ, òtútù, eruku, eré sísá, gbogbo rẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ní àrùn yìí, ẹ kọ ìwé sí tíṣà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ kọ ọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí ó máa mu omi nígbàkígbà, kí wọ́n jẹ́ kí ó jáde lọ tọ̀ láì bèèrè lẹ́ẹ̀mejì, kí ó wọ súwẹ́tà bí ojú ọjọ́ bá tutù, kí wọ́n má fi tipátipá mú un sáré, kí wọ́n má sì bu omi tútù lù ú lójú oòrùn. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù méjì síbẹ̀. Ó lè gbé àsíá ilé rẹ̀, ó lè máa ka iye àmì, ó lè lu ìlù. Ọmọ tí mo sọ yìí ni ó ń gbé àsíá ní ọdún kejì, ẹ ò rí i bí ó ti ń yan. Oògùn tí dókítà ní kí ó máa lò lójoojúmọ́, ẹ má jẹ́ kí ó pa á jẹ nítorí pé ara rẹ̀ le.

Tíṣà sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tí kì í dúró: bí ẹnu ọmọ bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí apá rẹ̀ rọ, bí àyà bá ń dùn ún tí kò lè mí kanlẹ̀, bí ara rẹ̀ bá gbóná janjan, bí ó bá funfun lójijì tí ikùn rẹ̀ wú. Fún ọmọkùnrin, bí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ bá le tí kò rọ̀ tí ó sì ń dùn ún, kí ó má tijú, kí ó sọ. Bàbá ni kí ó jókòó bá a sọ èyí kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ tí ó ní ikọ́ fée náà ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ike oògùn tí ó ń fà sẹ́nu kò gbọdọ̀ wà nínú dúróà tí a tì, níbi tí ọ̀gá àgbà ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí ìpàdé.

Ọjọ́ àríyá òpin sáà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìrẹsì tí a sè ní agogo mẹ́wàá alẹ́, tí a dé mọ́ inú kúlà títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ti ní ohun mìíràn nínú yàtọ̀ sí ẹran. Ẹ jí sè é ní òwúrọ̀. Bí ọmọ bá ń bì tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru nígbà tí ó délé, ẹ wá omi ORS nílé oògùn. Bí kò bá sí nítòsí, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí a ré lórí, sínú líta omi mímọ́ kan, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá dàbí omi ìdà ìrẹsì ni ìgbẹ́ náà, ẹ má dúró po nǹkan kan, ẹ máa gbé e bọ̀, kí ẹ máa fún un ní omi lójú ọ̀nà.

Kí n tó gbàgbé, ìyá kan láti Ìjẹ̀bú-Òde kọ̀wé sí wa. Ó ní làpálàpá wà lórí ọmọkùnrin òun, tíṣà sì dá a padà sílé, òun ti fi kirimú mẹ́ta pa á tí kò lọ. Ìyáa wa, kirimú kì í dé gbòǹgbò irun. Oògùn mímu ni a ń lò fún làpálàpá orí, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọmọ yóò fi mu ún, lójoojúmọ́, kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró nígbà tí irun bá bẹ̀rẹ̀ sí hù. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ ti gbà á, kí wọ́n lè wọn ọmọ kí wọ́n mọ iye tí yóò lò. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, ó lè padà sí kíláàsì, kí ó ṣáà má jẹ́ kí ẹlòmíràn dé fìlà rẹ̀. Ẹ sọ fún onígbàjámọ̀ yín pẹ̀lú kí ó fọ ẹ̀rọ rẹ̀ kí ó tó gbé e lé orí ọmọ mìíràn. Bí tíṣà bá sì kọ̀, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì tí ó fún yín ní oògùn kọ ìwé kan fún un, kí ẹ fi sínú àpò ọmọ, kí ẹ sì bá a sọ pé ó wà níbẹ̀.